Owó Ta Ni Ó Ń Gba Ọmọ Wa Lọ́wọ́ Òtútù Àyà?

Ọ̀rọ̀ èémí ni mo gbé wá fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ yín pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ pọ̀n ọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì gún un ní itan, ó kọ ọ́ sínú káàdì, ó sì ní kí ẹ padà wá nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, àti nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ọmọ ké díẹ̀, ẹ fi ọmú sí i lẹ́nu, ó dákẹ́. Nínú àwọn abẹ́rẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dènà òtútù àyà. Ìjọba kò díyelé e fún yín. Ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín léèrè rí pé ta ni ó san owó rẹ̀? Kì í ṣe owó oògùn inú ìgò nìkan ni mo ń wí o. Owó ìwádìí tí a fi mọ̀ dájú pé oògùn náà yóò ṣiṣẹ́ lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, ta ni ó san án? Bí ẹni náà bá sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò lọ́la, kí ni yóò dé bá àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí?

ÀRÙN TÍ Ń WỌLÉ BÍ OLÈ

A mọ ibà, a mọ ìgbẹ́ gbuuru, a sì ń bẹ̀rù gìrì. Ṣùgbọ́n òtútù àyà a máa yọ́ wọlé ni. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́, imú rẹ̀ á máa ṣomi. Ìyá àgbà á ní òtútù lásán ni, wọn á fi òrí pa á láyà, wọn á fi aṣọ wé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, òtútù lásán náà ni lóòótọ́, yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kòkòrò àrùn ti sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn àpò kéékèèké tí Ọlọ́run dá síbẹ̀ láti máa gba afẹ́fẹ́ á wá kún fún omi àti ọyún. Ọmọ á máa mí, á máa mí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò ní dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gbà á. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, nǹkan lè ti bàjẹ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, òtútù àyà pa ọmọ 740,180 tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ní gbogbo ayé. Nínú ọmọ 100 tí ó kú ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà, 14 ni àrùn yìí mú lọ. Ní ti ilẹ̀ tiwa, ìṣirò ọdún 2018 fi hàn pé ọmọ 162,000 ni ó kú nípa rẹ̀ ní Nàìjíríà. Íńdíà, tí èrò rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, 127,000 ni tirẹ̀. Àwa ni a ṣíwájú gbogbo ayé nínú ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ṣíwájú nínú rẹ̀. Ẹ pín 162,000 sí ọjọ́ 365, ẹ óò rí i pé ó ju ọmọ 440 lọ lójúmọ́ kan. Ilé kéú mélòó ni iye ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò kún?

Àwọn tí kò kú pàápàá, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń bọ́ láìní àbùkù. Kòkòrò tí ó ń fa èyí tí ó burú jù nínú òtútù àyà, tí àwọn dókítà ń pè ní pneumococcus, a máa gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, a sì di àrùn yínrùnyínrùn tí í mú ọrùn le. Ọmọ tí ó bá bọ́ níbẹ̀ lè di adití, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ, tàbí kí gìrì máa gbé e títí ayé. Nígbà mìíràn ọyún á gbárajọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, tí a ó fi ní láti fi rọ́bà fà á jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan.

Ẹ KA ÈÉMÍ RẸ̀

Kí n tó lọ sí ọ̀rọ̀ owó, ẹ gba ohun kan tí yóò wúlò fún yín lálẹ́ òní pàápàá. Bí ọmọ bá ń húkọ́, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí ó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ wo àyà àti ikùn rẹ̀, kí ẹ fi aago ka iye ìgbà tí ó mí ní ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù méjì, bí ó bá mí tó ìgbà 60. Ọmọ oṣù méjì sí oṣù mọ́kànlá, bí ó bá tó 50. Ọmọ ọdún kan títí dé ọdún márùn-ún, bí ó bá tó 40, èémí náà ti yá jù. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tí ó ń mí, bí kò bá lè mu ọmú mọ́, bí ètè rẹ̀ bá ń ṣú, tàbí bí gìrì bá gbé e, ọsibítù ni o, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de bàbá rẹ̀ kí ó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀yin bàbá, ẹ ti fún ìyàwó yín láṣẹ yìí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ sílẹ̀ nílé.

Èémí kíkà yìí rọrùn lójú, àbí? Ìwádìí ni ó bí i. Ní Papua New Guinea, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà jókòó ti ọmọ lẹ́yìn ọmọ, wọ́n ń ka èémí wọn, láti mọ èyí tí ó ní òtútù àyà nínú wọn. Nígbà tí ó yá, ọmọ ilẹ̀ wa kan, Adégòkè Fáládé, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ọmọdé ní Ìbàdàn, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ náà ní Gámbíà, láti mọ̀ bóyá kíkà náà yóò ṣiṣẹ́ lára ọmọ tí oúnjẹ kò kánú. Ní ọdún 1995 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe pẹ̀lú aago lọ́wọ́, ẹnì kan ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí rẹ̀, ẹnì kan sì ti san owó rẹ̀.

LẸ́BÀÁ ODÒ GÁMBÍÀ

Gámbíà yìí gan-an ni mo fẹ́ mú yín lọ. Orílẹ̀-èdè kékeré ni, ó tẹ́ lọ lẹ́bàá odò ńlá kan bí ọ̀já tí a tẹ́ sílẹ̀. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìpè kírun àfẹ̀mọ́júmọ́ tí ẹ ń gbọ́ ní Ìwó, ní Ìbàdàn àti ní Ìlọrin, òun náà ni ẹ óò gbọ́ níbẹ̀.

Ní ọdún 1947 ni àjọ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní Fajara, lẹ́bàá òkun ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1980, Dókítà Brian Greenwood di olórí ibẹ̀. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì sí wa: ní ọdún 1965 ni ó ti dé ọsibítù ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, ó sì tún ṣiṣẹ́ ní Sàríà. Ọdún 15 ni ó lò ní Nàìjíríà kí ó tó kọjá lọ sí Gámbíà.

Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Hib. Òun pẹ̀lú a máa fa òtútù àyà àti yínrùnyínrùn. Láàárín ọdún 1993 sí 1995, wọ́n fún ìdajì nínú ọmọ-ọwọ́ 42,848 ní Gámbíà ní àjẹsára rẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n wé ìdajì kejì. Nínú 100 àìsàn Hib tí ó ń wọ ẹ̀jẹ̀ tàbí ọpọlọ, àjẹsára náà dènà 95. Òtútù àyà tí ẹ́ksírè fi hàn sì dín kù ní 21 nínú 100. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé Hib ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú òtútù àyà àwọn ọmọ wa, nítorí kò rọrùn láti bu nǹkan jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ kí a fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1997, Gámbíà sọ ọ́ di àjẹsára gbogbo ọmọ. Ní ọdún 2005, Ọ̀mọ̀wé Richard Adégbọlá, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Fajara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àìsàn Hib ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìtàn ní ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kojú pneumococcus fúnra rẹ̀. Ní Basse àti àwọn abúlé tí ó yí i ká, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà níbi tí ọ̀nà ti jìn sí olú-ìlú, obìnrin kan, Dókítà Felicity Cutts, ṣáájú ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000 tí ó sì parí ní 2004. Ọmọ 17,437 ni wọ́n kọ orúkọ wọn. Ìdajì gba àjẹsára tuntun, ìdajì kò gbà á, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó gba àwọn àjẹsára mìíràn tí ó tọ́ sí wọn nínú abẹ́rẹ́ kan náà, ti Hib sì wà lára wọn. Ìyá kò mọ èyí tí ọmọ rẹ̀ gbà, nọ́ọ̀sì kò mọ̀ ọ́n, kí ojú má baà ṣe ojúsàájú.

Ẹ gbọ́ àbájáde rẹ̀. Òtútù àyà tí ẹ́ksírè fi hàn dín kù ní 37 nínú 100. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ àti ti ọpọlọ tí irú kòkòrò tí ó wà nínú àjẹsára náà ń fà dín kù ní 77 nínú 100. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti ikú fúnra rẹ̀: nínú ikú ọmọ 100, láti ọwọ́ àìsàn yòówù kí ó jẹ́, 16 ni kò wáyé mọ́. Ní ibi tí ọsibítù ti jìn, abẹ́rẹ́ yìí ń dáàbò bo ọmọ kí ọ̀ràn tó di ti ọsibítù rárá.

TA NI Ó SAN ÁN?

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ owó kékeré. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà láti abúlé dé abúlé. Ó gba ọkọ̀, ó gba ẹ̀rọ ẹ́ksírè, ó gba ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó gba owó oṣù. Àwọn tí ó san án ni ìjọba Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ ilé ìwádìí àrùn rẹ̀ àti nípasẹ̀ USAID. Àjọ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àti àjọ kan tí ń jẹ́ PATH. Ilé iṣẹ́ Wyeth ni ó pèsè àjẹsára náà.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹlòmíràn tí ó san owó tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìṣirò: àwọn ìyá Basse. Wọ́n gbé ọmọ inú wọn sílẹ̀ kí ọmọ ẹlòmíràn lè yè. Ọmọ tiwa tí a gún ní itan ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, gbèsè àwọn ìyá wọ̀nyí wà ní ọrùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí pé òyìnbó ń fi ọmọ wa dánra wò, mi ò ní pariwo mọ́ yín. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ní ọdún 1996, nígbà tí yínrùnyínrùn jà ní Kánò, ilé iṣẹ́ olóògùn kan láti òkè òkun dán oògùn wò lára àwọn ọmọ, ọ̀ràn náà sì di ẹjọ́ títí ilé iṣẹ́ náà fi gbà ní ọdún 2009 láti san owó fún ìjọba Kánò. Ní Gámbíà pàápàá, nígbà tí wọ́n padà lọ bi àwọn òbí tí ó gbà kí ọmọ wọn wọ ìwádìí Hib léèrè, èyí tí ó pọ̀ jù mọ̀ pé láti dènà àrùn ni, ṣùgbọ́n 10 péré nínú 100 ni ó yé pé àwọn ọmọ kan kò ní gba àjẹsára náà. Àwọn olùwádìí náà ni ó wádìí èyí fúnra wọn, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé kà á. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè nìyẹn: kí a fi èdè wa ṣàlàyé fún wa, kí a lè kọ̀ láìsí ìbínú, kí ìgbìmọ̀ olóòótọ́ máa ṣọ́ iṣẹ́ náà. Bí owó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá pẹ̀lú, ohùn wa yóò rinlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò dá owó kì í bá wọn pín èrè, kì í sì í bá wọn ṣe òfin.

ỌDÚN MẸ́RÌNLÁ

Ní ọdún 2000 ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gba àjẹsára pneumococcus. Oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọdún 14! Ọmọ tí a bí nígbà tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ ti ń lọ sí ilé-ìwé gíga kí tiwa tó dé.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kí n fi iṣu ṣe àpèjúwe. Bí àgbẹ̀ bá mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò ra iṣu òun ní iye tí yóò bo iṣẹ́ òun, yóò ha kọ ebè ẹgbẹ̀rún bí? Yóò kọ ìwọ̀nba tí àwọn olówó yóò rà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé iṣẹ́ olóògùn. Ọlọ́gbọ́n kan nípa ọrọ̀ ajé, Michael Kremer, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019, wà lára àwọn tí ó dá a lábàá pé kí àwọn tí ó lówó ṣe ìlérí ṣáájú: "Ẹ kọ ebè yín, a ó ra iṣu náà fún àwọn tálákà ní iye báyìí." Ní ọdún 2009, Ítálì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Rọ́ṣíà, Nọ́wè àti àjọ Gates kó bílíọ̀nù dọ́là kan àti ààbọ̀ jọ fún ìlérí náà. Wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú pé iye tí àwọn ilé iṣẹ́ yóò máa gbà lórí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kan fún àwọn ilẹ̀ tálákà kò gbọdọ̀ ju dọ́là mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Ọ̀nà yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ wa. Gámbíà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009 rí i pé láàárín ọdún díẹ̀, àìsàn líle tí kòkòrò náà ń fà lára àwọn ọmọ kéékèèké dín kù ju ìdajì lọ.

IṢẸ́ KÒ TÍ Ì PARÍ

Ẹ má ṣe rò pé ogun ti tán. Irú pneumococcus tí ó wà láyé lé ní 100. Àjẹsára tí Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀, 10 péré ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a ti ń lé èyí lọ, òmíràn lè gba ipò rẹ̀, àyàfi kí àwọn tí ń ṣọ́ wọn má sùn.

Ọmọ tí àrùn bá ti mú, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni ó máa ń yọ ọ́ nínú ewu. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáládé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ọsirélíà ṣe ìwádìí ní ọsibítù 12, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Wọ́n mú ẹ̀rọ kékeré wá, èyí tí a ń kì bọ ọmọ ní ìka láti fi mọ̀ bóyá ọ́síjìn tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí a ti ń lò ó. Wọ́n sì pèsè ọ́síjìn tí kì í dá dúró nítorí pé iná mànàmáná lọ. Kí wọ́n tó dé, ọ̀pọ̀ ọsibítù náà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo ẹ̀rọ ìka yìí fún ọmọdé. Owó iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, láti òkè òkun ni.

Kòkòrò mìíràn tún wà, RSV ni orúkọ rẹ̀, tí ń pa ọmọ tí ó lé ní 100,000 lọ́dún, 97 nínú 100 wọn sì ń kú ní àwọn ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀. Ní ọdún 1966, wọ́n dán àjẹsára kan wò sí i ní Amẹ́ríkà. Kàkà kí ó dáàbò bo àwọn ọmọ, ńṣe ni ó mú àrùn le sí i, ọmọ méjì sì kú. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí rí ìrísí gidi tí kòkòrò náà ní kí ó tó wọ ara ènìyàn, iṣẹ́ náà sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2023, Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí àjẹsára tí a ń fún aláboyún, kí ààbò náà lè ti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Àwọn aláboyún Gámbíà wà lára àwọn tí a fi ṣe ìwádìí rẹ̀. Nínú ọmọ 100 tí RSV ìbá dá wó láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan bí 82 ni ó bọ́. Ọdún 57 ni láti ìṣubú dé ìdìde! Bí àwọn tí ń san owó bá ti sú ní ọdún kẹwàá ńkọ́?

OWÓ ÀLEJÒ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn USAID pa, àjọ kan náà tí mo dárúkọ rẹ̀ lókè nínú ọ̀ràn Basse. Ní oṣù tí ó ṣáájú rẹ̀, wọ́n kéde pé àwọn kò ní dá owó mọ́ fún Gavi, àjọ tí ń bá àwọn ilẹ̀ tálákà ra àjẹsára. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ sì ti bá Gavi ṣe àdéhùn pé nígbà tí ọdún 2028 bá fi máa parí, òun yóò ti máa ra àjẹsára òun. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá wa gbé ẹrù dé ìdajì ọ̀nà, ọpẹ́ ni a ó dá. Ṣùgbọ́n aṣọ àyálò kì í bo ìdí pẹ́.

Ní Abuja tiwa níhìn-ín ni àwọn olórí Áfíríkà ti pàdé ní ọdún 2001, tí wọ́n ṣe ìlérí pé 15 nínú 100 owó ìjọba ni àwọn yóò máa ná sórí ìlera. Ìlérí náà wà nínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń dìbò, nígbà tí àwọn olóṣèlú bá wá kí yín ní mọ́sálásí, ẹ bi wọ́n léèrè rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí ní àwọn ọsibítù Yunifásítì wa.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìjọba nìkan. Ẹ̀sìn wa kò fi wá sílẹ̀ láìní ọ̀nà. Ẹ gbọ́ ìtàn Káírò. Ní ọdún 1284 ni Súltáànì Qalawun bẹ̀rẹ̀ ọsibítù ńlá kan níbẹ̀. Kò fi ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ fún àánú ọba tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀: ó ya dúkìá sọ́tọ̀ ní wákàfù, kí èrè rẹ̀ máa bọ́ ọsibítù náà. Dókítà kan wà ní ìlú náà tí ń jẹ́ Ibn al-Nafis. Òun ni ó kọ ọ́ sínú ìwé pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá láti apá kan ọkàn dé apá kejì, nígbà tí gbogbo ayé ṣì gbà pé inú ògiri ọkàn ni ó ń gbà. Ó sọ ọ́ ní nǹkan bí 300 ọdún kí ilẹ̀ Yúróòpù tó sọ ọ́. Nígbà tí ó sì kú ní ọdún 1288, ilé rẹ̀ àti àwọn ìwé rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ fún ọsibítù Qalawun. Ẹ rí i pé Mùsùlùmí ti ń fi owó àti dúkìá rẹ̀ wá ìmọ̀ nípa èémí ọmọ ènìyàn tipẹ́tipẹ́. Àwa ni a gbàgbé.

Ẹnì kan á ní: "Ọjọ́ ikú kò sí lọ́wọ́ ẹ̀dá." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ni ó ń pèsè, ó ṣì ń so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣì ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́.

Ẹ wo bí a ti ń ná owó nígbà fìdáù. A pa màlúù, a se ìrẹsì, a pín ọ̀rá ìkówèé àti ike ìpọnmi. Sàráà dára, n kò ní kí a má ṣe é. Ṣùgbọ́n ìrẹsì á tán lọ́jọ́ náà. Bí ìdá kan nínú owó náà bá ra ẹ̀rọ ìka kan fún yàrá àwọn ọmọdé ní ọsibítù àdúgbò yín, ọmọ tí a fi gbà là ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ̀san rẹ̀ yóò máa dé bá òkú yín nínú sàréè. Bí ẹgbẹ́ àsàlátù yín bá ní ṣọ́ọ̀bù kan tí ó ń mú owó wọlé, kí ni ó burú bí a bá ya ṣọ́ọ̀bù náà sọ́tọ̀ ní wákàfù, kí owó ilé rẹ̀ máa ran ìwádìí àrùn àyà lọ́wọ́ ní ọsibítù Yunifásítì kan? Ẹ má ṣe fi owó lé ẹnì kan lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ lọ bá olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé, ẹ gba ìwé, ẹ béèrè ìṣirò lọ́dọọdún, kí ẹ sì kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ sì ran ọmọbìnrin yín tí orí rẹ̀ pé níwèé lọ́wọ́ kí ó kọ́ iṣẹ́ ìwádìí. Obìnrin ni ó ṣáájú ti Basse. Kò sí ohun tí ó ní kí èyí tí ń bọ̀ má jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ mú káàdì ọmọ yín jáde, ẹ wò ó bóyá ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Bí ó bá ku ọ̀kan, ẹ má tijú, ẹ gbé e lọ. Ẹ fún un ní ọmú nìkan títí di oṣù mẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kí èéfín igi ìdáná àti ti sìgá bá a nínú yàrá. Lẹ́yìn náà, ní ìpàdé àsàlátù ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, nígbà tí àdúà bá parí tí Ìyá Àdínì bá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, ẹ dìde, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀: owó ta ni ó ń gba ọmọ wa lọ́wọ́ òtútù àyà, nígbà wo ni yóò sì di owó tiwa?

Kí Ọlọ́run Ọba tí ó fún wa ní èémí má ṣe jẹ́ kí a sin ọmọ. Kí ó fi àlùbáríkà sí ọwọ́ àwọn tí ń wá ìmọ̀ nítorí wa, kí ó sì ṣí ọwọ́ tiwa pẹ̀lú. Àmín.